Ẹni Tó Ń Ṣe Obìnrin Níkà Kì Í Sábàá Jẹ́ Àjèjì

Béèyàn bá ti dárúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò àwọn obìnrin, bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. A tún máa ń rò pé ọkùnrin kan tá ò mọ̀ rí, tó lúgọ sínú òkùnkùn, ni wọ́n máa ju ẹ̀ṣẹ́ náà lù. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin pé kó tètè wọlé, kó má dá rìn lálẹ́, kó ṣọ́ aṣọ tó ń wọ̀. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fọ́dún púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ UN ṣírò ọ̀rọ̀ ọdún 2023: nínú nǹkan bí 85,000 obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa lágbàáyé, ọkọ, àfẹ́sọ́nà tàbí mọ̀lẹ́bí ló pa nǹkan bí 51,100. Ìyẹn jẹ́ 140 lójúmọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ta wá ni ọmọ tá a ní kó tètè wọlé yẹn ń lọ bá nílé?

Nígbà tí mo lọ síbi irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ká dúró ní méjì-méjì. Ẹnì kan á ṣe bí ọ̀gá ibi iṣẹ́, á gbọ́wọ́ lé ẹnì kejì léjìká, á ní òun fẹ́ fi mọ́tò gbé e délé. Ẹnì kejì á ní òun ò lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó kọ́kọ́ dìde rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣé sà, ẹ má bínú sà, mo níbi tí mo fẹ́ yà ni.” Olùkọ́ ní kó tún un sọ. Ó tún bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín: “Mi ò lọ. Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò.” (Ẹ kíyè sí i pé “ẹ” wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ò ní kéèyàn má kọ̀.) Ó rọrùn láti pariwo mọ́ àjèjì. Ẹni téèyàn ń pè ní bùrọ̀dá ńkọ́?

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ibi tó le sí. Lọ́dún 2015, Charlene Senn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde láti yunifásítì mẹ́ta ní Kánádà. Nǹkan bí 900 akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ló wà níbẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé pélébé kí wọ́n kà, wọ́n fi wákàtí 12 kọ́ àwọn tó kù lẹ́kọ̀ọ́, ní ìpín mẹ́rin. Ìpín kan péré ló dá lórí ìjà. Nínú àwọn ìpín yòókù, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe lè rí ewu lára ẹni tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì borí ìtìjú tó máa ń dí èèyàn lẹ́nu. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ti fipá bá nǹkan bí 10 nínú 100 lò pọ̀ láàárín àwọn tó gba ìwé. Láàárín àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́, nǹkan bí 5 ni. Ẹni tó bá sì ṣe é ló jẹ̀bi, bóyá obìnrin kẹ́kọ̀ọ́ tàbí kò kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹlòmíì á ní wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin láti tú ilé ká. Mi ò gbọ́ ọ rí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú gan-an ni ewu máa ń le sí i, torí náà “ṣebí kó kúrò níbẹ̀” kì í ṣe ìmọ̀ràn tó tó. Wọ́n kọ́ wa bá a ṣe ń palẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀: owó díẹ̀, ìwé ìdánimọ̀, oògùn, kọ́kọ́rọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ níbi tọ́wọ́ ti lè tètè tó o. Wọ́n tún ní kí kálukú ní ọ̀rọ̀ kan tó máa fi pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí ewu bá dé, tóun àti ọ̀rẹ́ náà nìkan mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Obìnrin kan ní tòun ni “Ṣé o ti dá àga mi padà?” Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò yá àga kankan.