Gẹ̀ẹ́sì Ẹlẹ́gùn-ún

Ní Abuja tí a wà yìí, aṣọ ẹbí ti di ọ̀rọ̀ àná. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń dá báyìí. Bí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá pé, tí o kò bá mú ọ̀rọ̀ tuntun kan wá láti inú fóònù rẹ, wọn a máa wò ọ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè owó oṣù.

Èyí tó gbòde báyìí ni echinate. Wáyà orí fẹ́ǹsì, echinate. Egungun ẹja há ọ̀gá kan lọ́fun ní Kubwa. Kò tíì wúkọ́ tán tó fi ní echinate ni ẹja náà. Ìyàwó kan pe irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ ní echinate, ọkọ dúpẹ́, ó rò pé wọ́n ń ki òun ni.

Ẹlẹ́gùn-ún ló ń jẹ́ o, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹranko kékeré kan wà tí ẹ̀gún bo ẹ̀yìn rẹ̀, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ róbótó bí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pè é ní ekhinos. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fún ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń gbé inú òkun. Àwọn ará Róòmù yá a, ó di echinus, wọ́n wá ń pe ohun tó bá hu ẹ̀gún ní echinatus. Òyìnbó yá a lọ́wọ́ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n wa yá a lọ́wọ́ òyìnbó, kò sì jọ pé yóò dá a padà. Bẹ́ẹ̀ irú ẹranko yìí wà ní ilẹ̀ Hausa. Bushiya ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọdé tó ń da ẹran mọ̀ ọ́n.

Àwọn onímọ̀ ewéko tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́ kì í fi ṣe fáàrí. Wọ́n á fi máíkíróskópù wo ìyẹ̀ inú òdòdó ilá, wọ́n á rí ẹ̀gún tín-ín-tìn-tín yí i ká, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé echinate ni. Ilá o! Ilá tí ẹ̀gbọ́n wa ní oúnjẹ ará oko ni. Echinacea tí wọ́n ń rà fún ọ̀fìnkìn, ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ yìí ni: Moench, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ló fi sọ òdòdó Amẹ́ríkà kan lórúkọ ní 1794, torí àárín rẹ̀ tó rí ṣóṣóró.

Mégádì ẹ̀gbọ́n kan ní Gwarinpa fẹ́ gé bougainvillea tó bo géètì. Ẹ̀gbọ́n yọrí lójú fèrèsé, ó kìlọ̀ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé kó ṣọ́ra, echinate ni. Láti ayé Abacha ni bàbá yìí ti wà ní Abuja, kò tíì mọ̀ pé ƙaya ni Hausa ń pe ẹ̀gún. Malam ní "Yẹ́ẹ̀sà," ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ewé. "Wayyo Allah!"

Ẹ̀gbọ́n fa kọ́tìnì, ó ní, "Ṣebí mo ti sọ fún un."