Ẹgbẹ́ Wa Ti Ní Dátà, Ẹ Bá Wa Yọ̀

Kò sí ẹgbẹ́ tí ó mọ iyì ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Òkun lónìí tí kì í fi dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ iye nǹkan, yangàn. Tẹ́lẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ àti ìlù ni a fi ń mọ ẹgbẹ́ tí ó lajú. Nísinsìnyí, àwòrán aláràbarà lára ògiri ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí èmi náà wà nínú rẹ̀ ní Kàbà kò fẹ́ kẹ́yìn, nítorí náà ni alága wa fi dìde ní ìpàdé, tí ó tún fìlà rẹ̀ dé, tí ó sì kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, a kò ní ṣe ìpinnu kankan mọ́ láìjẹ́ pé dátà wà nílẹ̀. Kí ó tó jókòó, akápò wa ti fa ẹgbẹ̀rún kan náírà yọ lápò, ó ní kí ọmọdé kan sáré lọ rà á wá, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ti ọ̀sẹ̀ kan ni tàbí ti oṣù kan. A fi í rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé òun nìkan ni ó béèrè ìgbà tí dátà náà yóò fi wúlò mọ.

Ẹgbẹ́ dáwó. A ra tẹlifíṣọ̀n kan tí ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wa lọ, a sì gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Àbújá, ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní data analyst, ìyẹn atúmọ̀ dátà, tí kì í bọ́ awò ojú rẹ̀ kódà bí ó bá ń jẹ iyán. Fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rìnlá ni ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó sì ń bi ọmọ ẹgbẹ́ ní iye yàrá tí ó ní, àwọ̀ tí ó wù ú jù, àti wákàtí tí ó ń sùn. Ìyá àgbà kan láti Ìyàrà wo fọ́ọ̀mù náà títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé owó lo fẹ́ yá mi ni, àbí o fẹ́ fẹ́ mi?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ èsì yìí sí abẹ́ "àwọn mìíràn".

Ìgbà kajú dé. Tẹ́lẹ̀, ìyá tí ń bójú tó sítọ́ọ̀ wa máa ń fi ẹfun fa ìlà kan sára ilẹ̀kùn fún àpò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé, ṣùgbọ́n kí ó tó fà á, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú kajú náà, yóò sì gbọ̀n ọ́n sí etí rẹ̀. Bí kò bá dún woroworo, kò tíì gbẹ nìyẹn, ẹni tí ó gbé e wá yóò gbé e padà lọ sá sóòrùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa nu ilẹ̀kùn náà mọ́ tónítóní, ó ní etí kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ó gbé ìwọ̀n wá, alága sì ṣèlérí ẹ̀bùn fún ẹni tí kajú rẹ̀ bá wúwo jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igi tí ó ń fi ìwúwo kajú wa hàn nínú àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ti ga dé òkè. A pàtẹ́wọ́, àwọn kan tilẹ̀ jó. Omi ni a ń jó fún. Nígbà tí oníbàárà tí yóò kó o lọ sí Èkó tú àpò àkọ́kọ́, kajú ti bu.

Mo béèrè bí yóò ti rí bí àkọsílẹ̀ wa bá sọnù, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, èsì àyẹ̀wò ènìyàn 15,841 tí wọ́n ti kó àrùn náà bọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìjọba ní Íńgíláǹdì fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé irú fáìlì àtijọ́ ti Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to iye sórí ìlà, tí wọ́n ń lò kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ó kún, ìyókù sì ń dà nù bí omi lẹ́nu kèrègbè. Ilẹ̀kùn ìyá wa kò kún rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kan náà ni ó fi iye ènìyàn ìpínlẹ̀ Kogí, 3,314,043, ṣírò bí ọjà wa yóò ti gbòòrò tó, ó sì ṣírò rẹ̀ dé orí ìdá ẹgbẹ̀rún. Ìkànìyàn ọdún 2006 ni iye yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó gba káàdì ìdìbò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bá dátà ṣọ̀tá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1854, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn ará Soho, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ John Snow kò ní tẹlifíṣọ̀n. Ìbéèrè kan ni ó ní: níbo ni àwọn tí ó kú ti ń pọn omi mu? Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ka òkú, títí ó fi rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni ikú náà rọ̀gbà yí ká. Ó kó ẹ̀rí rẹ̀ tọ àwọn aláṣẹ àdúgbò lọ, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka sí ibẹ̀: wọ́n yọ ọ́.

Tiwa dé ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, nígbà tí àwòrán gbèsè jáde. Ní ìpíndọ́gba, onígbèsè ni gbogbo wa, títí kan ìyá Ìyàrà tí kò yá kọ́bọ̀ rí, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó kó owó ńlá lọ, tí ìpíndọ́gba sì bá a pín in kárí wa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a rí olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ nǹkan kan, igi pupa kan yọ, ó ga fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, orúkọ àna alága sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Akápò húkọ́. Alága ṣí fìlà rẹ̀, ó wo àwòrán náà dáadáa, ó sì wí pé àwọ̀ pupa yẹn ti le jù fún ojú àwọn àgbà, kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di àwọ̀ ewé.

Wọ́n ti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé báyìí, ó sì dùn ún wò.