Kò sẹ́ni tó yọ subtitle fíìmù yín kúrò

Ẹjọ́ kan wà tí kì í tán lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gbé fíìmù láti inú àwo sínú flash ní Àkúrẹ́ wa yìí, ì báà jẹ́ lápá Ọjà Ọba tàbí nítòsí géètì FUTA. Oníbàárà á gbé àwo DVD wá, wọ́n á sọ ọ́ di fáìlì fíìmù MP4 fún un, á délé, á ki flash bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù ń lọ, ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n òyìnbó ìsàlẹ̀, ìyẹn subtitle, kò sí níbẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti padà dé.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o yọ subtitle rẹ̀?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fọwọ́ kàn án.”

“O ò fọwọ́ kàn án? Ṣebí ó wà níbẹ̀ nígbà tá a fi dẹ́kì wò ó!”

Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Ìgbàgbọ́ tó wà láàárín wọn ni kò tọ̀nà: pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ ara àwòrán, pé ibi tí fíìmù bá lọ ló gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, tí kò wá rí ọ̀rọ̀ náà mọ́, kí ni yóò rò bí kò ṣe pé ayédèrú ni àwo, tàbí pé ẹni tó ṣe é ti bà á jẹ́?

Mi ò bá màmá wí o. VCD, irú àwo tá a ń lò ṣáájú DVD, ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. VCD, tí ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1993, kò ní àyè kankan fún ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Àwòrán tó jẹ́ píksẹ́lì 352 sí 288 àti ohùn, ó tán. Àwo kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, ìdí sì nìyẹn tí fíìmù Yorùbá kan fi ń wá ní àwo méjì, tá a máa wo apá kìíní tán ká tó máa wá apá kejì kiri inú ilé. Bí oníṣẹ́ fíìmù bá wá fẹ́ kó yé ìyàwó ilé tó jẹ́ ọmọ Ìjọ̀ láti Ẹsẹ̀-Odò, tàbí ọmọ Ìgbò tó ń tajà ní Adéṣídà, àfi kó kọ òyìnbó náà mọ́ àwòrán kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí àwo. Ó ti wọ ibẹ̀ bí aró ṣe ń wọ àdìrẹ. Ẹ ṣí fọ́dà MPEGAV nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, ẹ ó bá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .DAT, ẹ kàn yí ìparí orúkọ yẹn sí .mpg, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á gbé e, òyìnbó rẹ̀ á sì pé pérépéré. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ mú un rò pé DVD máa yàtọ̀?

Ó yàtọ̀. DVD kọ́kọ́ jáde ní Japan lọ́dún 1996, àwọn tó ṣe é sì fẹ́ kí àwo kan lè tó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lò. Wọ́n fi àyè ohùn oríṣi 8 àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ oríṣi 32 sílẹ̀, kálukú ní ipò tirẹ̀. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ DVD kì í ṣe lẹ́tà rárá. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán kékeré kan tí kò lè ní ju àwọ̀ mẹ́rin lọ, tí dẹ́kì máa ń gbé lé orí fíìmù nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, tí yóò sì gbé e kúrò. Bẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ mú rìmóòtù, ẹ tẹ bọ́tìnnì subtitle. Èyí tí rìmóòtù bá lè pa, kì í ṣe ara àwòrán.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń dàrú nìyí. Nínú fọ́dà VIDEO_TS tó wà lórí àwo DVD, fíìmù wà nínú àwọn fáìlì .VOB, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ju 1GB lọ. Àwọn fáìlì kéékèèké kan tí orúkọ wọn parí sí .IFO wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ kì í sì kà wọ́n kún. Inú IFO yẹn ni orúkọ èdè àti àwọ̀ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wà. Ẹni tó bá kó VOB nìkan lè bá ọ̀rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti di ìdàkudà, ẹni tó bá sì kó ẹyọ VOB kan péré á rí i pé fíìmù já lójijì. Yíyí orúkọ VOB sí .mp4 kò sọ ọ́ di MP4, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí ìyẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe é bó ṣe yẹ, tí ẹni tó ń ṣe é kò bá yan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, àwòrán àti ohùn nìkan ló máa wọlé. Bó bá sì yàn án, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àwòrán jáde láti inú MP4.

Fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń wúwo, tó kàn fẹ́ jókòó wo fíìmù, ẹ ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwòrán. HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ DVD di MP4, ní àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ Burned In. Wọ́n á yan èdè, wọ́n á máàkì í, ó parí. Kò ní ṣeé pa mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n á jáde níbi gbogbo. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo èdè inú àwo pé, irú fáìlì tó ń jẹ́ MKV ni kó gbà. VLC, ètò tá a fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, á fi wọ́n hàn, àmọ́ fáìlì rẹ̀ lè ju 4GB lọ, flash tí wọ́n fọ́máàtì sí FAT32 kò sì ní gbà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì flash yẹn sí exFAT, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹlifíṣọ̀n yín gbà á.

Èyí tó wù mí jù ló ń jẹ àkókò jù: kí kọ̀ǹpútà ka àwọn àwòrán náà, kó sọ wọ́n di lẹ́tà gidi nínú fáìlì SRT. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Subtitle Edit ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi Notepad ṣí SRT, ohun tẹ́ ẹ máa bá nìyí:

12
00:01:20,500 --> 00:01:23,000
Ẹ ṣé, bàbá.

Nọ́ńbà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa wọlé àti ìgbà tó máa jáde, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kò dá tó ti èèyàn o. Kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín I ńlá àti l kékeré, nítorí náà ẹ ó máa rí l'll níbi tó yẹ kó jẹ́ I'll, àfi kéèyàn jókòó tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ Yorùbá, UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà tó ní àmì, ni kẹ́ ẹ fi tọ́jú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bá mọ UTF-8 á sọ ẹ di áº¹, á sọ ṣ di á¹£, ẹ ó sì máa rò pé èṣù wọ inú fíìmù. Kí orúkọ SRT àti ti fíìmù bára mu, kí wọ́n sì jọ wà nínú fọ́dà kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ní mọ̀ pé wọ́n bára tan.

Àwọn kan á ní kí la ń yọ ara wa lẹ́nu sí, ẹ lọ wa SRT rẹ̀ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè bọ́ sí i, ó sì lè má bọ́ sí i. Fíìmù sinimá ń lọ ní àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, DVD irú tiwa, ìyẹn PAL, ń lọ ní 25, wọ́n sì sábà máa ń sáré fíìmù díẹ̀ kó lè bá a mu. Fíìmù 100 ìṣẹ́jú á parí ní 96. SRT tí wọ́n ṣe fún 24 á bá ẹnu mu níbẹ̀rẹ̀, á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nígbà tí fíìmù bá fi máa parí á ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́. Títẹ G àti H lórí VLC kò lè wo èyí sàn, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń tì lẹ́ẹ̀kan náà. Frame rate, ìyẹn iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni kẹ́ ẹ yí nínú Subtitle Edit, láti 24 sí 25.

Àwo tí kò ní àgádágodo, ìyẹn ìdènà tí kì í jẹ́ kéèyàn da àwo kọ, ni mò ń sọ o. Òfin Copyright Nàìjíríà ti 2022 kò fọwọ́ sí fífọ́ àgádágodo orí àwo, ẹni tó bá sì ń da fíìmù oníṣẹ́ kọ tà, olè ni.

Bẹ́ ẹ bá tún gbé àwo lọ fún wọn, ẹ sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe chapter kan péré, ìyẹn ìpín kan nínú fíìmù, èyí tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ máa fi wò ó gan-an dán an wò, kẹ́ ẹ tó sanwó èyí tó kù.