Ẹ má fi góòlù kan ṣoṣo wọn Mandžukić

Ẹni tó kọ ìròyìn kan nípa Mario Mandžukić, agbábọ́ọ̀lù iwájú Croatia tẹ́lẹ̀, ní góòlù tó kàn sílé ara wọn nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018 ni ayé yóò fi máa rántí rẹ̀. Háà! Ọjọ́ yẹn kan náà ló yọ ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Lloris, aṣọ́lé Faransé, tó sì wọlé wọn. Ta tiẹ̀ ló lé England padà sílé ní ìṣẹ́jú 109, kí Croatia tó dé àṣekágbá rárá?

Àwa ọmọ Nàìjíríà ò lè gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní Kaliningrad, nínú ìdíje kan náà, bọ́ọ̀lù tó forí kàn ló ba Etebo tiwa lára tó wọlé wa. Mandžukić náà ni Troost-Ekong tiwa dì mú tí rẹfirí fi fún wọn ní pẹ́nárítì tí Modrić gbá wọlé. Wọn ò kọ góòlù kankan sí i lórúkọ, ṣùgbọ́n òun ló fìyà jẹ wá. (Inú ṣì ń bí mi díẹ̀.)

Ti Juventus ló wù mí jù. Allegri, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, gbé géńdé agbábọ́ọ̀lù iwájú bẹ́ẹ̀ lọ sí apá òsì, ó sì ń sáré padà wá dí ẹ̀yìn bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni látilẹ̀. Góòlù àgbésókè tó gbá sílé Real Madrid nínú àṣekágbá Champions League ní Cardiff lọ́dún 2017 ńkọ́? Juventus fìdí rẹmi 4-1, òótọ́ ni.

Ní ẹgbẹ́ AC Milan, nígbà tí ìfarapa ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lóṣù kẹta 2021, ó ní kí wọ́n má san owó oṣù yẹn fún òun. Ẹ bá wa fi ìyẹn náà sínú ìròyìn yín.