Eégbọn, ibà àti awọ dúdú: èrò ọkàn mi fún àwa Yorùbá tí a ń rìn nínú igbó Amẹ́ríkà

Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Maryland, New Jersey, Pennsylvania àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká ti ń jáde lọ sínú igbó fún ìlera àti ìgbádùn ara wọn. Àwọn kan ń gun òkè Catoctin, àwọn kan ń pẹja lẹ́bàá odò Patapsco, àwọn mìíràn ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ tí wọ́n sì ń dọdẹ àgbọ̀nrín nígbà tí òtútù bá ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń kó àwọn ọmọdé lọ ṣeré ní pápá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà bá ara wa sọ kí a tó jáde, òun ni ọ̀rọ̀ eégbọn. Èrò mi ni pé àìsàn tí eégbọn ilẹ̀ yìí ń fà ń jẹ wá níyà ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé a kì í yẹ ara wa wò tí a bá ti igbó dé, a kì í rántí sọ fún dókítà pé a wọ igbó, àti pé ọ̀pọ̀ dókítà fúnra wọn kò rí ẹni kọ́ wọn bí àmì àrùn náà ṣe ń rí lára ènìyàn dúdú.

Mo mọ ibi tí àìkàsí yìí ti wá. Nílé, ara ajá àti màlúù ni a ti mọ eégbọn. Ẹni tó bá gbé nítòsí gàá Fúlàní yóò ti rí eégbọn ńlá tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ lábẹ́ ìrù màlúù, ọdẹ tó bá sì bá ọ̀kan lára itan rẹ̀ yóò já a dànù, yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Eégbọn àgbọ̀nrín tó wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ènìyàn rí òun bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti dàgbà nínú wọn kò ju hóró yànmọtí lọ, èyí tí kò sì tíì dàgbà, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń kó àrùn ran ènìyàn jù lọ láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje, kò tó mìlímítà 2. Kì í fò, kì í sì í bẹ́. Orí koríko àti ewé gbígbẹ ni ó máa ń wà, tí yóò na ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ títí tí ẹranko tàbí ènìyàn yóò fi fara kàn án. Ara eku kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun ni ó ti sábà ń fa kòkòrò àrùn Lyme mu, ìyẹn àrùn tó gbòde jù lọ nínú àwọn tí eégbọn yìí ń kó ran ènìyàn. Àgbọ̀nrín kì í fún un ní àrùn náà, ṣùgbọ́n ara àgbọ̀nrín ni àwọn àgbà eégbọn ti ń jẹun tí wọ́n sì ti ń gùn, ìdí nìyí tí wọ́n fi pọ̀ ní gbogbo ibi tí àgbọ̀nrín bá pọ̀ sí, títí kan ẹ̀yìnkùlé àwọn tí ilé wọn súnmọ́ igbó. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àrùn, CDC, fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 476,000 ni wọ́n ń tọ́jú fún àrùn Lyme lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà.

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa àrùn yìí, kò sí èyí tó wúlò fún ẹni tó ń wọ igbó tó pé kì í tètè wọ ara. Eégbọn náà sábà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ènìyàn fún ohun tó lé ní wákàtí 24 kí kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ tó ráyè kọjá sínú ara. Òótọ́ ni pé àwọn àrùn mìíràn wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pàápàá fáírọ́ọ̀sì Powassan tó ṣọ̀wọ́n, tó lè ran ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n ní ti Lyme, tó gbòde jù lọ, ẹni tó bá yẹ ara rẹ̀ wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ti igbó dé ti yọ ara rẹ̀ nínú ewu ńlá. Ẹ wo ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdodo, kọ̀rọ̀ itan àti ẹ̀yìn orúnkún. Níwọ̀n ìgbà tí eégbọn kékeré lára awọ dúdú ti lè jọ àmì ara lásán, mo gbà pé ìka ọwọ́ ló yẹ kí a gbẹ́kẹ̀lé ju ojú lọ: ẹ fi ọwọ́ ra ara yín níbi gbogbo, ohun tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ yóò kọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn ìyá tí wọ́n di irun fún ọmọ wọn ní àǹfààní kan, nítorí pé ojú ìlà irun dídì máa ń ṣí sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tọ ìlà náà láti iwájú orí dé ìpàkọ́ kí ọmọ tó sùn.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti awọ ara. Lára nǹkan bí 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bá kó àrùn Lyme, ara máa ń sú ní ibi tí eégbọn ti jẹ wọ́n, láàárín ọjọ́ 3 sí 30, tí ojú ibẹ̀ yóò sì máa fẹ̀ sí i. Àwòrán tí a sábà ń rí nínú ìwé ìlera ni ti awọ funfun tí òrùka pupa yí ojú ibi kan ká. Lára wa, pupa yẹn lè má hàn rárá. Ó lè dà bí ibi tí ènìyàn fi gbá nǹkan tí ẹ̀jẹ̀ sì kú sí, ó lè ṣú ju awọ ìyókù lọ, ó lè pọ́n díẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó sì lè má ṣe òrùka kankan, torí pé lára àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá, òrùka yẹn kì í yọ lára gbogbo wọn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Maryland, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n kọ orúkọ àrùn náà mọ́, sísú ara kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, làkúrègbé sì ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn dúdú. Bí mo ṣe ń ka irú àbájáde bẹ́ẹ̀, ohun tó ń yé mi ni pé àìsàn náà wà lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a mọ̀. Làkúrègbé yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àrùn. Tí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn doxycycline fún ọjọ́ 10 sí 14 sábà máa ń tó. Tí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, orúnkún lè wú bàǹtù-banti, ẹ̀gbẹ́ ojú kan lè rọ tí ẹnu yóò sì wọ́, ọkàn pàápàá lè máa lù ségesège.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò yẹ kí a gbójú lé jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ sú, ara kò tíì pèsè ohun ìjà tí àyẹ̀wò náà ń wá, nítorí náà èsì lè sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Dókítà tó mọ iṣẹ́ yóò wo awọ, yóò bi yín léèrè ibi tí ẹ ti lọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìdúró de èsì. Tí kò bá bi yín, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ayé ṣe mọ̀ nípa àrùn yìí gan-an fi hàn bí ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ti ṣe pàtàkì tó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Polly Murray, tó ń gbé ní ìlú Lyme ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ṣàìsàn pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà kò sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣe wọ́n sílẹ̀. Ní ọdún 1975, òun àti ìyá mìíràn, Judith Mensch, fi tó ìjọba ìpínlẹ̀ náà létí, dókítà Allen Steere ti yunifásítì Yale sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ó sì rí ọmọdé 39 àti àgbàlagbà 12 tí irú làkúrègbé kan náà ń dà láàmú ní àwọn ìlú tó wà nítòsí ara wọn. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1981, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Willy Burgdorfer, rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà nínú eégbọn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí ara yín bá sọ fún yín pé nǹkan ń ṣe ọmọ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn dá yín padà sílé.

Ọ̀rọ̀ ibà ni ó kàn. Ibà tó bá mú ọmọ Yorùbá, ibà ẹ̀fọn ni ọkàn rẹ̀ máa ń sáré lọ bá, pàápàá tí ó bá ti ilé dé láìpẹ́, oògùn ibà tí a rà ní Èkó kì í sì í wọ́n nínú àpótí wa. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí a má ronú nípa ibà ẹ̀fọn. Ó ń pa ènìyàn, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n eégbọn àgbọ̀nrín kan náà ń gbé kòkòrò Babesia, tó ń wọ inú àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ibà ẹ̀fọn, tó sì jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ nínú maikirosíkóòpù fi lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a kó wá láti ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tí ẹ ní ọmọ tó ní in, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: ẹ̀yà ara kan wà ní apá òsì ikùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì sábà máa ń ba á jẹ́ láti kékeré. Ẹni tí ẹ̀yà ara yìí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ lára rẹ̀, tí Babesia bá mú un, ó lè kú. Ibà lẹ́yìn ìrìn nínú igbó kì í ṣe ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi oògùn ilé tọ́jú. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ará wa tó wà ní ìhà gúúsù, ní North Carolina, Tennessee, Missouri, Arkansas àti Oklahoma, ní tiwọn láti ṣọ́ra fún, ìyẹn ibà tí wọ́n fi orúkọ àwọn òkè Rocky Mountain pè, tí eégbọn ajá sì ń gbé kiri. Ó le ju Lyme lọ. Tí wọn kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní doxycycline láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀, àmì kéékèèké tó ń yọ sí ara kì í sì í tètè hàn lára awọ dúdú.

Mo fẹ́ fi èyí tó kan oúnjẹ wa kún un. Eégbọn kan tún wà tí abo rẹ̀ ní àmì funfun kan ní ẹ̀yìn, ó sì pọ̀ láti Texas dé Georgia àti Virginia, ó sì wà ní Maryland níbí. Itọ́ rẹ̀ ní irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní alpha-gal, tó tún wà nínú ẹran àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú. Lẹ́yìn tó bá jẹ ènìyàn, ara ẹni náà lè máa bá ṣúgà yẹn jà nígbà gbogbo tó bá jẹ ẹran màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Wákàtí 2 sí 6 lẹ́yìn oúnjẹ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀: ara yóò máa yún, yóò wú, inú yóò máa lọ́ ènìyàn, nígbà mìíràn èémí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. CDC fojú bù ú pé ó ṣeé ṣe kí ó ti mú tó ènìyàn 450,000 láti ọdún 2010. Ẹ wò ó bí yóò ṣe rí láàárín wa. Ènìyàn jẹ àsun, ó jẹ ṣàkì àti pọ̀nmọ́ níbi òde ìnáwó, ó sùn, ara rẹ̀ wú ní òru, ọ̀rọ̀ tí yóò sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé ni pé wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè tú ẹbí ká, nígbà tó jẹ́ pé eégbọn tó jẹ ẹ́ ní oṣù kan sẹ́yìn ló fà á, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì wà tí yóò fi í hàn. Ẹja àti ẹran ẹyẹ, adìẹ àti tòlótòló, kò sí nínú ohun tó ń fà á.

Bí ẹ bá rí eégbọn tó lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má ṣe da kẹrosíìnì tàbí fasilíìnì lé e, ẹ má ṣe fi iná ìṣáná jó o; ó lè mú kí ó tu itọ́ sínú ara sí i. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí a fi ń fa irun ìpéǹpéjú mú un ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí orí rẹ̀ ti wọ awọ, kí ẹ fà á sókè tààrà láìyí i, kí ẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Tí ẹ bá fura pé ó ti lẹ̀ mọ́ yín láti àná tàbí ṣáájú, ẹ pe dókítà láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́, nítorí doxycycline ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè dènà Lyme fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ẹ tó jáde, ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fín permethrin, oògùn tí ń pa eégbọn, sí aṣọ àti bàtà kí ó sì gbẹ, ẹ má fi í pa ara. Tí ẹ bá dé, ẹ sọ aṣọ gbígbẹ náà sínú ẹ̀rọ tí ń fi ooru gbẹ aṣọ fún ìṣẹ́jú 10.

Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Yorùbá pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ni mo fẹ́ bẹ̀ ní ohun kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àwòrán bí Lyme ṣe ń rí lára awọ dúdú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì bá àwọn alákòóso ìjọ àti mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti oṣù kẹrin, kí àwọn ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí pápá. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá sábẹ́ àwòrán náà pẹ̀lú, nítorí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n wá bá wa tọ́mọ, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n ń wẹ àwọn ọmọ náà ní alẹ́.