Ẹni tó kẹ̀yìn sí ọ̀tá náà jagun

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ogun ojú omi Midway, tí Amẹ́ríkà àti Japan jà lórí òkun Pàsífíìkì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bá délẹ̀, orúkọ mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó mọ ìtàn náà: Wade McClusky, Richard Best àti Maxwell Leslie, àwọn awakọ̀ tó ṣáájú àwọn ikọ̀ bàálù Amẹ́ríkà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bu ọlá wọn kù, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1942 tó ohun tí à ń ròyìn títí di òní. Èrò ọkàn mi ni pé ìtàn àwọn ikọ̀ bàálù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà ní ọjọ́ náà kò tíì pé, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá dárúkọ àwọn tó jókòó lẹ́yìn àwọn awakọ̀ wọ̀nyí.

Ènìyàn méjì ni Dauntless, bàálù ajubọ́ǹbù tí wọ́n lò, máa ń gbé. Awakọ̀ wà níwájú. Ẹnì kejì, tó ń bójú tó rédíò tó sì ń yìnbọn, jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú sí ìrù bàálù. Bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ ọ̀tá nísàlẹ̀, awakọ̀ yóò ṣí àwọn irin pẹlẹbẹ oníhò tó wà lára apá bàálù kí eré má baà pọ̀ jù, yóò dorí bàálù kodò láti òkè tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 14,000, kò sì ní jọ̀wọ́ bọ́ǹbù títí yóò fi sún mọ́ omi gan-an. Ó kéré tán, awakọ̀ ń rí ibi tó ń lọ. Ẹni ẹ̀yìn kò rí ju òfuurufú lọ, àti bàálù ọ̀tá tó bá ń lé wọn bọ̀. Ara rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ pé bọ́ǹbù ti já, ara náà ni yóò sì fi mọ̀ pé bàálù ti gbórí sókè padà. Ó gba ọkàn akin kí ènìyàn tó lè jẹ́ kí ẹlòmíràn máa gbé òun lọ sẹ́nu ikú báyìí, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì gbọ̀n lórí ìbọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé oríire lásán ni ti Midway. N kò gbà. McClusky dé ibi tí wọ́n rán an, kò bá ọkọ̀ kankan níbẹ̀, epo sì ń tán lọ. Ó pinnu pé òun yóò ṣì máa wá wọn, títí ó fi rí ọkọ̀ ogun Arashi ti Japan tó ń sáré padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ibi tó dorí kọ. Nígbà tí ikọ̀ VB-6 àti VS-6 láti orí ọkọ̀ Enterprise ti Amẹ́ríkà fẹ́ jọ dà bo Kaga, ọkọ̀ ńlá Japan kan, Best àti bàálù méjì péré yà lọ bá Akagi. Leslie àti ikọ̀ VB-3 láti orí Yorktown kọjú sí Soryu. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí bàálù Japan ń gbéra lórí wọn ti gbiná. James Murray ló wà lẹ́yìn Best ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun náà ló tún wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n padà lọ kọ lu Hiryu, ọkọ̀ ńlá kẹrin ti Japan. Ẹni mélòó ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Bruno Gaido, ẹni ẹ̀yìn mìíràn, ló ká mi lára jù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1942, lẹ́yìn ìkọlù erékùṣù Marshall, bàálù Japan kan tó ti fara gbọgbẹ́ ń já bọ̀ tààrà sórí Enterprise. Gaido sáré wọ inú Dauntless kan tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó dìde lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì ń rọ̀jò ọta lé bàálù ọ̀tá títí apá bàálù ọ̀tá náà fi gé ìrù Dauntless tí òun gan-an wà nínú rẹ̀ dànù. Kò fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ọ̀gágun Halsey fún un ní ìgbéga níbẹ̀.

Ní Midway, òun àti awakọ̀ rẹ̀, Frank O'Flaherty ti VS-6, ju bọ́ǹbù sí Kaga. Epo dà nù lára bàálù wọn, wọ́n sì balẹ̀ sójú òkun. Ọkọ̀ ogun Makigumo ti Japan ló kó wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n di nǹkan wíwúwo mọ́ àwọn méjèèjì lára, wọ́n sì jù wọ́n sínú òkun. Àmì ẹ̀yẹ Navy Cross ni wọ́n fi ṣe ìrántí O'Flaherty, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun kan. Distinguished Flying Cross, tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ni ti Gaido. Bàálù kan náà ni wọ́n wọ̀, ikú kan náà ni wọ́n kú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: awakọ̀ ló ń fojú sun ibi tí bọ́ǹbù yóò bọ́ sí, òun náà sì ni ọ̀gá nínú bàálù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí McClusky ju bọ́ǹbù tirẹ̀ tán, tí bàálù ìjà Japan méjì gbá tẹ̀ lé e tí wọ́n sì yìnbọn bà á ní èjìká, Walter Chochalousek tó kẹ̀yìn sí i ló kojú wọn. Bí kì í bá ṣe ẹni náà, ta ni ìbá padà wálé wá ṣàlàyé bí ogun ṣe lọ? Àwọn ọ̀gá ikọ̀ ló kọ ìròyìn ogun, kò sì yà mí lẹ́nu pé ohun tí wọ́n rí láti iwájú bàálù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.