Ẹ Yé Parọ́ Mọ́ Relapse

Ó tó gẹ́ẹ́! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó sórí àga bábà l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo, wọ́n ti gẹ apá kan orí mi, ni rédíò bá gbé orin Eminem, olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà, sáfẹ́fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń dúró de tirẹ̀ ló kàn lanu: "Látìgbà tẹ́ni yìí ti ṣe Relapse ló ti parí. Àwo yẹn ò rọ́wọ́ mú. Ta ló rà á?" Ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá ń mi orí bí alángbá. Bábà náà dá kílípà dúró, ó ní, "Òótọ́ ni, bọ̀dá."

Òótọ́ bí ti báwo? Àwo tó jáde ní oṣù karùn-ún 2009, tó ta nǹkan bí ẹ̀dà 608,000 ní Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó wọ ipò kìíní tààrà! Àwo tó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ti ráàpù ní 2010!

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní àwọn tó mọ orin bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣé ohun kan náà nìyẹn? Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn ohùn àrà tó ń pa ti pọ̀ jù, pé ọ̀rọ̀ apààyàn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èmi náà máa ń fo orin méjì kan. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ kí n tó fò ó! Mo bi í pé orin wo gan-an ni kò dáa. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Kò mọ ẹyọ kan! Orí fóònù ló ti kà á. Dátà tó wọ́n bí ojú yìí, ohun tẹ́lòmíì sọ ni wọ́n ń fi kà, wọn ò ní fi gbọ́ orin.

Ó tún ní Eminem fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú orin rẹ̀ Not Afraid pé àwo náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí àléébù ara rẹ̀ tó sì jẹ́wọ́, ṣé ohun tí ẹ ó máa fi nà án nìyẹn? Àtọdún 2004 ni kò ti ṣe àwo tuntun kó tó ṣe Relapse. Wọ́n yìnbọn pa Proof ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 2006. Ní ìparí 2007, oògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí òun náà. Ó ro ọ̀rọ̀ oògùn náà nínú Déjà Vu, orin kan nínú Relapse.

Àbúrò mi mu kodéènì. Ilẹ̀ balùwẹ̀ la ti bá a lóru, ìgò wà lábẹ́ apá rẹ̀, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ti ibi ìtọ́jú dé, Déjà Vu yẹn ló ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí fóònù tójú rẹ̀ ti fọ́, léraléra. Kò gbọ́ gbogbo òyìnbó rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ọ̀gbẹ́ni yìí mọ̀ ọ́n." Àwo yẹn lẹ wá ń sọ pé kò wúlò?

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ń ṣe fáwọn ọmọ tiwa tó ń fi Yorùbá ráàpù. Bí wọ́n bá sinmi ọdún kan, ẹ óò ní wọ́n ti tán. Bí wọ́n bá padà dé, ẹ óò ní kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kọ́bọ̀ ò sì jáde lápò yín. Ọláìyá lẹ ti ń lọ rọ orin wọn sí mẹ́mórì!

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ àwo látorí dédìí, kó panu mọ́ níbi tí mo bá wà. Kó pa á mọ́ pátápátá!